Mọ́tò Tí Bàbá Mi Máa Ń Lù

Bàbá mi gbà gbọ́ pé kò sí ohun tí ẹgba kò lè tún ṣe. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní ìlú Ìsẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tó nà níbẹ̀ ti di àgbàlagbà, òmíràn nínú wọn ti ń gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, síbẹ̀ bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́nà ọjà, ọwọ́ wọn á máa wá ìdí wọn lọ kí wọ́n tó rántí pé àwọn ti kúrò ní kíláàsì. Ó nà wá nílé bákan náà. Ó na ewúrẹ́ tó bá wọ ọgbà. Ó na rédíò tó ń kùn dípò kó sọ̀rọ̀. Ó na màmá mi. Mo tètè ń sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn apanilẹ́rìn-ín ni mo gbé wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín wà níbẹ̀ díẹ̀.

Kí ẹ má sì bínú pé “ó” ni mò ń pè é. Èkìtì ni wá. Ní ilé tiwa, ẹnì kan kì í di méjì nítorí pé ó hewú, ìkúnlẹ̀ la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, kì í ṣe “ẹ̀yin.” Ìgbà tí mo lọ kàwé ní Ìbàdàn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn kan ń pè é ní àfojúdi. Mo gbá ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi létí. Ọmọ bàbá mi ni mí, mi ò sẹ́ ẹ.

Mọ́tò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dàgbà ju ọkọ mi lọ. Ọwọ́ òyìnbó kan tó wá ṣe ọ̀nà ni bàbá mi ti rà á nígbà tí òyìnbó náà ń padà sí ìlú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí ènìyàn lè gbé inú rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn, sítóòfù kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, kọ́tìnì wà lójú fèrèsé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sí níwájú. Ẹ̀yìn ló wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì gan-an. Àwọn ará Ìsẹ̀ sọ ọ́ ní Ulé-ẹlẹ́sẹ̀, ilé tó lẹ́sẹ̀, inú àwa ọmọ sì máa ń dùn bí wọ́n bá ti ń pariwo rẹ̀ lẹ́yìn wa. Nígbà tí gbogbo wa ti lọ sílé ọkọ àti ibi iṣẹ́, abẹ́ tapólì ló wà nídìí máńgòrò, tí adìẹ ń yé sínú rẹ̀.

Àìsàn màmá mi ló gbé e jáde. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí Adó kí ẹ̀rọ lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí a bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ojú rẹ̀ á wú, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà sọ ọ́ fún wa láìfi bò pé bó bá pẹ́ jù, omi ara rẹ̀ ni yóò pa á. Kò lè jókòó pẹ́ nínú takisí. Ibi tó lè dùbúlẹ̀ sí ló fẹ́. Bàbá mi bá ká tapólì kúrò lórí Ulé-ẹlẹ́sẹ̀, ó lé adìẹ jáde, ó ní òun ni yóò máa gbé ìyàwó òun lọ. Èmi gba ààyè níléèwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ìkẹ́rẹ́, mo padà sí Ìsẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀.

Òórùn epo mọ́tò máa ń gbé èébì màmá mi, ẹnu táńkì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń gbé orí lé. Nítorí náà, ní gbogbo àárọ̀ tí a bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, bàbá mi á fi ọ̀rá di ẹnu táńkì ní ìlọ́po méjì, á fi rọ́bà so ó yíká, á wá dé ìdérí lé e. Ó máa ń ṣe é pẹ̀lú sùúrù tí mi ò rí i kó fi ṣe nǹkan mìíràn rí. Bó bá wù yín kẹ́ ẹ pè é ní ìfẹ́, mi ò ní bá yín jiyàn.

Àárín Ìsẹ̀ àti Ìkẹ́rẹ́ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò yóò jáde nílé bí ọmọ gidi. Tó bá ti rìn díẹ̀, tí a ti fi ìlú sílẹ̀, tí igbó ti sún mọ́ títì lọ́tùn-ún lósì, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Agbára á máa jò kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ bàbá mi. Lẹ́yìn náà á yìnbọn láti ẹnu èéfín rẹ̀, gbàù! gbàù! á sì kú. Ibi tó máa ń kú sí, ibẹ̀ náà ni àwọn ajínigbé máa ń jáde sí. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Kò sí awakọ̀ tó ń dúró tọ̀ níbẹ̀.

Bàbá mi á sọ̀kalẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni kó ṣí ẹnu táńkì, kó ya ọ̀rá yẹn dànù, kó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wọn epo wò, torí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ lórí epo. Gbogbo ayé ni olè lójú rẹ̀. Tó bá rí i pé epo pé, á dé ìdérí padà lásán, á gba ẹ̀yìn lọ, á fa ọmọ odó àtijọ́ kan jáde tí orí rẹ̀ ti là. Á ṣí ilé ẹ́ńjìnnì, á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

“Olóríkunkun! Alágídí! Ṣé wàá ṣiṣẹ́ àbí o ò ní ṣiṣẹ́?”

Ó ń lu irin, ó ń lu ìdérí, ó ń lu bọ́ńpà. Òógùn á bò ó, itọ́ á máa ta lẹ́nu rẹ̀. Màmá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, lókè ẹ́ńjìnnì náà, gbogbo ẹgba tó bá bọ́ sórí irin ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Mo máa ń di orí rẹ̀ mú kó má baà gbá ara igi. Nígbà tó bá ti rẹ bàbá mi, á wọlé padà, á yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò á jí. Ní gbogbo ìgbà ló ń jí, á sì gbé wa dé Adó láìwúkọ́ mọ́.

“Ṣé o rí i?” á wí fún mi. “Ẹgba ni. Kò sí nǹkan mìíràn.”

Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ojú mi ló ṣe.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìkẹ́rẹ́, nítorí èmi kò fẹ́ kí lílù náà máa gba ẹ̀yìn màmá mi kọjá mọ́. Ọkùnrin náà pààrọ̀ kọ́ìlì. Ó yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ó fọ kabúrétọ̀, ó tú páǹpù epo palẹ̀, ó tọ wáyà láti orí dé ìdí. Ó wà á lọ sí Ìgbàrà-Odò, ó wà á bọ̀. Ó fi kó iṣu lọ fún àna rẹ̀ ní Emùré. Kò wúkọ́ rárá. Ó gbé e fún wa, a gbé màmá mi sínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò kú nínú igbó bó ṣe máa ń kú. A tún dá a padà, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún rìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún kú lọ́wọ́ wa. Pásítọ̀ wa wá ta òróró sí i lórí, ó ní sùúrù ni baba ìwà. Bàbá mi ní baba mọ́tò ni òun.

Ìgbà tí a dá a padà kẹ́yìn, mẹkáníìkì náà na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní kò ṣe àìsàn yẹn lójú òun rí, òun kò sì lè wo àìsàn tí òun kò rí. Bàbá mi ní ó ti yọ ojúlówó ara ẹ́ńjìnnì náà tà, ó ti fi ayédèrú sí i. Ọkùnrin náà ní kí bàbá mi tún un sọ. Bàbá mi tún un sọ, ó sì fi ìgbájú sí i. Ọkùnrin náà gbé sípánà. Kí n má purọ́, kò tíì fi ṣe nǹkan kan nígbà tí mo fò mọ́ ọn lọ́rùn láti ẹ̀yìn, tí mo fa ẹ̀wù rẹ̀ ya dé ìdí. Bí a ṣe ń yí nínú epo dúdú, bàbá mi ti gba ìdí mọ́tò lọ gbé ọmọ odó. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ lórí agbárí ọkùnrin náà. Kò dún bí irin.

Àwọn èrò tí ń bẹ lójú títì ló gba ọmọ odó lọ́wọ́ bàbá mi. Wọ́n gbé ọkùnrin náà jókòó lórí táyà. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wá sójú rẹ̀, ó fi àkísà tẹ̀ ẹ́, ó wò wá. Kò pariwo.

“Gbé mọ́tò ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, Bàbá,” ló wí. “Mọ́tò tó ń rìn lọ́wọ́ mi, tó ń kú lọ́wọ́ ẹ, ọwọ́ ẹ ni kí ọ lọ wò.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ó ní ṣé mo gbọ́ ohun tí olè wí. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹ̀jẹ̀ yẹn kò kúrò níwájú mi.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni èjìká bàbá mi yẹ̀. Inú igbó kan náà ni. Inú ń bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó gbé ọmọ odó sókè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó sọ ọ́ mọ́ irin, irin dá a padà. Mo gbọ́ tí egungun rẹ̀ dún. Ó wà wá dé Adó pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó ń ṣépè fún ẹ́ńjìnnì, fún mẹkáníìkì, fún òyìnbó tó tà á fún un. Dókítà tó ń tọ́jú màmá mi ló ní kí wọ́n tún èjìká náà tò, wọ́n sì di ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ọn láyà. Ibà dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí a délé. Kò gbà kí n wa mọ́tò náà, nítorí bẹ́ẹ̀ a pa ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ kan jẹ.

Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì tó yẹ ká lọ, mi ò lè wo ojú màmá mi. Ojú rẹ̀ ti wú di fífẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Tó bá mí, ó ń dún nínú rẹ̀ bí ìkòkò tó fẹ́ hó. Mo mọ̀ pé bí a ò bá dé Adó lọ́jọ́ náà, a ò ní rí i mú wálé láàyè. Bàbá mi náà mọ̀ ọ́n. Ó dìde pẹ̀lú ibà lára rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì àti eyín di ọ̀rá mọ́ ẹnu táńkì, ó so rọ́bà, ó dé e. Ó gbé ọmọ odó sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀, níbi tí èmi máa jókòó lọ́jọ́ náà.

“Bó bá kú, má bẹ̀ ẹ́,” ó wí. “Lù ú. Ọ̀lẹ ni, ó ń dán ọ wò ni. Lù ú títí yóò fi mọ̀ pé ọmọ tèmi ni ọ́.”

Kò sọ fún mi pé kí n ṣí ẹnu táńkì. Kí ló fẹ́ sọ ọ́ fún? Èmi náà ni mo bu epo kún un lálẹ́ àná, mo mọ̀ pé ó kún.

Inú igbó ni mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo gbàdúrà, mo bú u, ó yìnbọn, ó kú. Mo jẹ́ kó yí lọ sí etí títì. Fóònù kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Mo gbé ọmọ odó, mo gba ẹ̀yìn lọ, mo ṣí ilé ẹ́ńjìnnì, mo bẹ̀rẹ̀.

Mo lù ú bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń lù ú. Mo padà lọ yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí díẹ̀, ó yìnbọn, gbàù! ó tún kú. Mo padà sẹ́yìn. Mo tún lù ú. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́: ó dùn. Ó dùn láti ní ohun kan tí mo lè lù lọ́jọ́ yẹn. Mo lù ú nítorí omi tó ń dún láyà ìyá mi, mo lù ú nítorí gbogbo pàṣán tí mo ti jẹ nínú ilé wa, igi náà ń ta mí lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi bó, mi ò dúró. Ìdérí kan fọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò dúró. Màmá mi ń fi ìka kan ara mọ́tò láti inú, kọ́, kọ́, kọ́, ó ń sọ nǹkan tí mi ò gbọ́.

“Màmá, dákẹ́!” mo pariwo. “Ùwọ ni mọ̀ ń ṣiṣẹ́ yí fún!”

Ibẹ̀ ni àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà ti já sí wa láti inú igbó.

Mi ò dá wọn lẹ́bi báyìí. Ẹ wo ohun tí wọ́n rí. Wọ́n gbọ́ ìró ìbọn léraléra níbi tí wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé. Wọ́n sáré wá, wọ́n bá bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi kọ́tìnì bo gbogbo fèrèsé rẹ̀, ẹnì kan ń kérora nínú rẹ̀, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti tú dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ odó, ó ń pariwo pé kí ẹni inú rẹ̀ dákẹ́.

“Ju ugi yẹn sílẹ̀! Dojú bolẹ̀!”

Mi ò jù ú sílẹ̀. Mo yí sí wọn pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kan fi ìdí ìbọn gbá mi lẹ́nu. Mo ṣubú, mo tu eyín kan jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀yìn mi, mo yí orí, mo ge ẹsẹ̀ náà jẹ lókè bàtà títí ó fi kígbe. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbẹ̀. Mo rí ẹnu ìbọn nítòsí ojú mi, ó ń rùn bí ẹ̀tù, mo sì ronú pé màmá mi yóò kú sínú mọ́tò yìí, wọn yóò sì sọ pé ọmọ rẹ̀ ló jí i gbé.

Ọ̀kan nínú wọn ti fa ìlẹ̀kùn ṣí. Ohùn rẹ̀ yí padà.

“Ùyá arúgbó ni! Màmá, ta ni ọ́ gbé ọ?”

“Ọmọ mi ni,” ni màmá mi wí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ná an ní èémí kan. “Ọmọ mi ni. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ bá mi ṣí ẹnu táńkì.”

“Kí ni ọ wí?”

“Ẹnu táńkì. Ẹ ṣí i.”

Ọdẹ náà yí ìdérí. Ọ̀rá tí bàbá mi so mọ́ ọn kò rí bó ṣe wà láàárọ̀ mọ́. Ó ti wọnú ọrùn táńkì lọ, ó fún gan-an, bí ẹni pé ọwọ́ kan wà nísàlẹ̀ tó ń fà á. Ọdẹ náà tì í ní ìka, ó bẹ́. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, fùùù, ó pẹ́ kó tó tán. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Èmi tí mo dojú bolẹ̀ gbọ́ ọ.

“Ó tó,” ni màmá mi wí. “Ẹ ní kó yí i.”

Wọ́n fà mí dìde. Mo wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó jí lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fi ọwọ́ kàn án mọ́. Kò sẹ́ni tó lù ú.

Àwọn ọdẹ náà fi ọ̀kadà sìn wá dé Ìkẹ́rẹ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Èyí tó gbá mi lẹ́nu bọ́ fìlà kó tó yà, ó ń tiro, ó ní kí n má bínú, òun náà ní ìyá. Mo ní kó lọ fi iyọ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní Adó, èmi ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ sáré bá, ó rò pé èmi ni aláìsàn. Wọ́n gbé màmá mi sórí ẹ̀rọ. Dókítà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí, ó ní díẹ̀ ló kù ká pẹ́ jù. Mo jókòó tì í pẹ̀lú òwú lẹ́nu, mò ń wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń jáde tó ń padà, títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ojú rẹ̀. Mo wá bi í léèrè bó ṣe mọ̀.

“Orí mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì,” ló wí. “Ùgbà kúùgbà tí bàbá ẹ bá ṣí i, mọ máa ń gbọ́ tó ń mí. Kó tó gbé ọmọ odó rárá ni. Ọ̀rá yẹn ló ń fún un lọ́rùn, kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé rọ́pò epo. Mẹkáníìkì kì í gbé mi sínú ẹ̀, kì í di ọ̀rá, báwo ló ṣe fẹ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́?”

“O mọ̀ ọ́n, o jẹ́ ká fọ́ orí ọmọ ọlọ́mọ?”

Omijé kan bọ́ lójú rẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún bàbá, Màmá?”

Ó wo apá rẹ̀ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí. “Láti ùgbà tó ti rí mọ́tò yí lù,” ló wí, “kò lù mí mọ́.”

Mo ti mọ̀ pé ó ń lù ú nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo rò pé ó ti dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n darúgbó. Mo rò pé àìsàn ti dá a dúró, ó kéré tán. Inú mi gbóná débi pé ẹnu mi tó wú kò dùn mí mọ́.

“Má sọ fún un,” ni màmá mi wí. “Ọ gbọ́? Jẹ́ kó máa lu nǹkan ẹ lọ.”

Mi ò fẹ́ ṣèlérí tí mi ò ní mú ṣẹ.

Iwájú ilé ni bàbá mi jókòó sí nígbà tí a dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó wo eyín mi tó ti lọ, ó bèèrè bóyá mọ́tò kú. Mo ní ó kú. Ó bèèrè bóyá mo lù ú. Mo ní mo lù ú, kò jí, àti pé ẹgba kọ́ ló ń jí i láti ọjọ́ yìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú kan náà, mo ju ọ̀rá náà sí i lẹ́sẹ̀. Màmá mi ti wà lórí àga rẹ̀ nínú pálọ̀, mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ mi. Ìbínú ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ pé ó sọ ọ́.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jẹ́ ká lọ. Ó mú ọ̀rá tuntun, ó fi ọwọ́ òsì àti eyín dì í bó ṣe máa ń dì í, ó wọlé jókòó tì mí. A gba ọ̀nà Emùré jáde. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ń pè mí ní ọmọ tó kàwé. Mọ́tò wúkọ́, ó yìnbọn, ó kú. Ó sọ̀kalẹ̀, ó yí ìdérí, afẹ́fẹ́ wọlé, ó dúró níbẹ̀ tó ń tẹ́tí sí i. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó jí. Ó ní ká tún un ṣe. A tún un ṣe. Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo rí i tó ń wo ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n dì mọ́ ọn láyà bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Màá sọ ìyẹn náà.

A wọ pálọ̀. Kò jókòó.

“Ta ló rí i?” ló bi mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sọ fún un.

“Màmá ni.”

“Láti ìgbà wo?”

Màmá mi ló dáhùn fúnra rẹ̀ láti orí àga. “Láti ùbẹ̀rẹ̀ ni.”

“O ń gbọ́ ọ. O dùbúlẹ̀ síbẹ̀, o ń wò mí bí mo ṣe ń ya wèrè lójú títì, lójú ọmọ mi.”

Ó rìn lọ bá a. Màmá mi gbé apá bojú, apá tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí náà ni, èyí tí dókítà ní a kò gbọ́dọ̀ so okùn aago pàápàá mọ́. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọ̀tún bàbá mi wà nínú báńdéèjì. Tòsì ló gbé sókè.

Mo dì í mú lókè níbẹ̀, lọ́rùn ọwọ́. Nílẹ̀ wa, ọmọ kì í di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ṣe é rí. Ó gbìyànjú láti fà á, mo fún un mọ́lẹ̀, ó tún fà á, egungun rẹ̀ kéré lọ́wọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ. Ó wò mí. Mo rí i pé ẹ̀rù mi ń bà á, ó sì dùn mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tú.

“Fi mí sílẹ̀,” ló wí.

Mo ní ó di ìgbà tó bá jókòó.

Ó jókòó. Mo ṣì dì í mú.